Pákó Ẹsẹ̀ Tí Kò Fojú Kan Yìnyín

Bí ẹ bá rí Armand Levesque lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, ojú sánmà ló ń wò. Káfíńtà ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé igi orí òkè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Maine, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa fi pákó ẹsẹ̀, ìyẹn pákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà, yọ̀ lórí yìnyín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Jeannine ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ, kó tó lọ lọ́kọ sí Florida, níbi tí yìnyín kò sí àfi nínú fìríìjì.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá yìí ń wá: kó kọ́ Corinne, ọmọ Jeannine, lórí òkè náà. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún. Ní gbogbo Kérésìmesì, á mú ọmọ náà dúró ti òpó ilẹ̀kùn, á fi pẹ́ńsùlù fàlà sára òpó níbi tí orí rẹ̀ dé, á wá ṣírò ibi tí àgbọ̀n rẹ̀ máa dé lọ́dún tó ń bọ̀, torí pákó tó bá dé àgbọ̀n ni wọ́n ń rà fún ọmọdé. Tó bá di oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń ta àlòkù ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, á lọ rà á. Ọdún mẹ́rin rèé, ìdì pákó mẹ́rin ló wà lára ògiri, kò sí èyí tó fojú kan yìnyín. Yìnyín a máa wá o, àmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti lọ ni, bí àlejò tó dé nígbà tí wọ́n ti ṣan abọ́ tán.

Lọ́dún yìí, ó ra ìkarùn-ún. Corinne ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sùn, òun àti Armand á wọ aṣọ ìsùn lódì, wọ́n á ki ṣíbí bọ abẹ́ ìrọ̀rí, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń fi bẹ yìnyín pé kó wá.

"Bàbá àgbà, ẹ ò gbàgbé ṣíbí yín, àbí?"

"Èmi kẹ̀! Ṣíbí ìbubẹ̀ ni mo gbé síbẹ̀. Ọrùn ló fẹ́ pa mí."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ti di ọmọdé," ni Jeannine wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹfà, òjò rọ̀ láti àárọ̀, òkè di ẹrẹ̀. Armand ń ti ilé ìdáná bọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Jeannine.

"Ṣé o ṣì gbà pé ṣíbí lè mú yìnyín wá ni?"

"Màmá, mo ti dàgbà jọ̀ọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Torí Bàbá àgbà ni. Tí mi ò bá ṣe é, ó máa dùn wọ́n."

Armand dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Òun náà kò fìgbà kan gba ṣíbí gbọ́. Torí ọmọ náà ló ṣe ń fi orí sùn lórí irin. Ta ló wá ń retí yìnyín nínú ilé yìí?

Lọ́jọ́ keje, wọ́n kó ẹrù sínú mọ́tò. Corinne fúnra rẹ̀ lọ fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, ó na ọrùn.

"Bàbá àgbà, ẹ wá wọ̀n mí o! Mo ti ga gan-an. Ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà."

Armand fọwọ́ tẹ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ àpò ẹ̀wù, ó wo orí tábìlì, àmọ́ kò fọwọ́ kan etí.

"Mi ò mọ ibi tí mo fi pẹ́ńsùlù mi sí."

Corinne wo pẹ́ńsùlù náà létí rẹ̀. Ó kúrò nídìí òpó, ó wá dì mọ́ ọn.