Oníbẹ́líìtì Tó Kọ̀ Láti Bọ́ Sómi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajah yìí, kí wọ́n tó fi géètì dí ibi gbogbo, ọ̀sà ni ọ̀nà wa. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń yan án tà, kò sì sí ọdún tí omi kì í gbé ẹnìkan lọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán gbé bẹ́líìtì rọ́bà dé, ó ní ẹni tó bá sán an mọ́dìí kò lè rì láéláé. Ìyá mi ti fẹ́ rà á fún bàbá mi, torí ẹ̀rù omi yẹn kì í jẹ́ kó sùn. Àmọ́ àṣà ọjà wa ni pé ẹni tó bá gbé ohun tuntun dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ dán an wò. Ẹni tó bá máa dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ìyálọ́jà ò pariwo, ó kàn ní, "Ọkọ mi, sán an, kí o bọ́ sómi ká rí i." Ọ̀gbẹ́ni ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rín lé e kúrò lọ́jà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ta ló ń bá yín bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Orí fóònù ni ọmọ ọmọ mi obìnrin ti rí nǹkan róbótó kan tí wọ́n ń so mọ́ báàgì. Tí o bá fa okùn rẹ̀, á máa han gooro, wọ́n ní olè á sì sá. Ó ní àìmọye èèyàn ló ti yìn ín. Mo ní, nínú wọn, ta ni olè ti dá lọ́nà rí? Ó ní ìyá àgbà, ẹ ti tún dé, ó sì rà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà Addo, àwọn ọmọkùnrin méjì di báàgì rẹ̀ mú. Ó fa okùn. Nǹkan náà ké títí, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn, torí jẹnẹrétọ̀ ń dún, àláàmù mọ́tò ń dún, ariwo ti sú àwọn èèyàn. Wọ́n tì í lulẹ̀, apá rẹ̀ kán. Ìgbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ ké pé ẹ gbà mí ni àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé nítòsí wá sáré jáde.

Inú bí mi gidigidi. Mo wá ẹni tó tà á fún un lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ náà ń lò ó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Màmá, ẹ má bínú, mọ́tò ni ìyàwó mi ń gbé jáde." Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn mi tó fẹ́ rà á. Mo yíjú sí i, mo ròyìn apá ọmọ ọmọ mi fún un látòkèdélẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó wá bi ọ̀gá náà bóyá èyí tó ní àwọ̀ píńkì ṣì wà.

Ọjà tó gba bàbá mi lọ́wọ́ òpùrọ́ ti kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jókòó sẹ́nu géètì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, títí ọmọ ọmọ mi á fi wọlé.