Ilẹ̀ Ìpakà Tó Wà Lábẹ́ Omi

Wọn ò bí Àdìgún sójú omi. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ lòun náà, níbi tí omi ńlá ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn wà lónìí. Nígbà tí ìjọba sé odò, omi gun oko wọn díẹ̀díẹ̀. Ó bo ebè, ó bo ahéré. Orí Òkè Ìyeyè nìkan ló kù síta láàárín omi, àpáta gbágungbàgun tí atẹ́gùn kì í fi lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ará oko kó lọ sí Ìpàpó. Àdìgún ní òun ò lọ síbì kan. Ó ra ọkọ̀ igi, ó ń kó èèyàn àti ẹrù kọjá lórí oko bàbá rẹ̀.

Àjẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ fi ń tukọ̀. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àdìgún, ó rán àpò ìrẹsì mọ́ tapólì, ó fi ọparun gbé e ró, ó di ìgbòkun. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kan tó ti kú ló so mókùn ṣe ìdákọ̀ró. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù, tó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é ní Bàbá Ọpẹ́, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Bàbá Ọpẹ́, ẹ tún ti sá aṣọ!"

Àdìgún á ta ìgbòkun rẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Atẹ́gùn ń ṣiṣẹ́, èjìká ń sinmi, ó parí.

Bí atẹ́gùn bá le jù, kọ̀rọ̀ àpáta kan wà tó kọjú sí ìlà oòrùn. Atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń ti ìwọ̀ oòrùn wá, òkè á sì dí i. Àdìgún á ju ẹ́ńjìnnì sómi, á jókòó, á máa fi ẹ̀pà panu títí ara omi á fi balẹ̀. Kò wá ibi ìsádi mìíràn. Èyí tó ní tó o.

Lọ́dún tó kọjá, bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀, Ojúọlápé, tó ń kó ọkà bàbà lọ sọ́jà. Samsudeen tó ń ṣòwò ewúrẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran rẹ̀. Wọ́n dé àárín omi, ojú ọ̀run ṣú. Ìjì dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti mọ́ Àdìgún lára, ló bá dorí ọkọ̀ kọ kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó débẹ̀, ó rí i pé òun ti ṣe àṣìṣe. Ìlà oòrùn gan-an ni ìjì yìí ti wá. Ó ń wọ inú kọ̀rọ̀ náà tààrà, omi ń fọ́ mọ́ àpáta bíi pé wọ́n ń la igi.

"Bàbá Ọpẹ́!" Samsudeen figbe ta. "Mi ò mọ̀wẹ̀ o! Àwọn ewúrẹ́ yìí náà ò mọ̀wẹ̀!"

"Gbọ́n omi," ni Àdìgún wí.

Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn òkè, lápá ìwọ̀ oòrùn, ló kù. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ kan kì í débẹ̀. Òkúta kún abẹ́ omi ibẹ̀, bí ọ̀kan bá ya ìdí ọkọ̀, ó tán nìyẹn. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fi igbá gbọ́n omi.

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Ọpẹ́, ilẹ̀ ìpakà Bàbá ńkọ́?"

Àdìgún rántí. Bàbá rẹ̀ ló palẹ̀ náà sí ẹ̀yìn òkè, kí omi tó dé. Ó ṣa gbogbo òkúta ibẹ̀ kúrò, ó gbá ilẹ̀ náà títí ó fi dán. Ọkà ṣeé pa níbẹ̀, kò ṣeé fẹ́ kí ìyàngbò lè kúrò. Bí ọyẹ́, tó ń ti ìhà ìlà oòrùn wá, ti wù kó le tó, atẹ́gùn ò débẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti Ojúọlápé, ìyàwó tuntun nígbà náà, ní láti máa ru ọkà gun òkè kọjá sí òdìkejì kí wọ́n tó lè fẹ́ ẹ. Títí Ìyá fi kú ló ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"Igi ìyeyè méjì tó wà lókè rẹ̀," ni Àdìgún wí.

"Àárín wọn ni ọ̀nà ilẹ̀ ìpakà gbà. Orí mi ló ru ọkà, mo mọ̀ ọ́n."

Ó yí ọkọ̀ po òkè. Ó rí igi méjèèjì lókè, ó dojú ọkọ̀ kọ àárín wọn, kò mí. Ìdí ọkọ̀ ò kan nǹkan kan. Ìró ìjì wà lókè orí wọn, ṣùgbọ́n omi tó wà lábẹ́ wọn dákẹ́ bí omi inú ìkòkò. Ó ju ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà rì lọ sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ ìpakà bàbá rẹ̀.

Ojúọlápé tú ẹnu àpò kan, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà, ó jù ú sókè díẹ̀. Ọkà àti ìyàngbò jọ bọ́ padà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Kò tíì ṣeé fẹ́ síbẹ̀."

Samsudeen di ewúrẹ́ kan mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Àdìgún ṣí fìlà rẹ̀. Ó kọjú sí omi náà. "Bàbá, ẹ ṣé o," ni gbogbo ohun tó sọ.

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ làwọn ọlọ́kọ̀ ń sá sí bí ìjì bá ti ìlà oòrùn wá. Ìpakà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń fi Àdìgún ṣe yẹ̀yẹ́ á so ọkọ̀ wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá Ọpẹ́, bàbá yín ṣeun o, ilẹ̀ gidi ló pa."

Ojúọlápé á ní, "Ẹ rọra sọ ọ́. Bí Ìyá bá gbọ́ lọ́run, ìjà tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."