Nígbà tí Ìlù Mísì Dákẹ́

Agogo ọdún Igogo tún ti dún ládùúgbò wa lówùúrọ̀ yìí. Ìdí sítóòfù ni mo wà, mò ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún Tèmídire, ọmọ ọmọ mi, nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òpópó: kọ́n-kọ́n, kọ̀n, kọ́n-kọ́n, kọ̀n. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti fà sẹ́yìn, ẹnu mi sì ti sọ pé “I went.” Ẹ̀kọ ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ǹ bá bínú sí i, ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi láti àná, kò sì sí àyè fún òmíràn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kíláàsì kẹta ni Tèmídire wà. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní bí kò bá mọ ọ̀rọ̀-ìṣe èdè òyìnbó, kó sì mọ èyí tó jẹ́ ti àná yàtọ̀ sí ti òní àti ti ọ̀la, yóò tún kíláàsì náà kà. Inú fóònù ló ti ń kọ́ ọ. Kìnnìún kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń pàtẹ́wọ́ fún un bó bá ti tẹ èyí tó tọ̀nà. Ó lè ka “go, went, gone” láìmí, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé kí ló ṣe lánàá, ó ní, “I go to church and I eat rice.” Mo ní, ṣé àná nìyẹn? Ó wojú fóònù, bí ẹni pé ibẹ̀ ni àná wà.

Mo lọgun. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó pè mí láti Àkúrẹ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fi ti ayé àtijọ́ da ọmọ yẹn láàmú.” Ayé àtijọ́! Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó, kí n sọ ti ayé àtijọ́ náà fún yín.

Ilé-ìwé ìjọ kékeré kan níbí ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi mí sí, ilé alámọ̀ gígùn kan tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n nítorí ìpẹtà. Kò sí ògiri láàárín kíláàsì kan sí èkejì. Bí àwọn kíláàsì kejì bá ń ka ìsọdipúpọ̀, àwa ti kíláàsì kẹta a máa gbọ́ ọ títí a ó fi mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú, wọ́n so ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ kan rọ̀, òun sì ni agogo ìwọlé àti ìjáde wa. Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fún ní irin tí a fi ń lù ú, torí pé òun ló ga jù láàárín wa, odó ìyá rẹ̀ tó ń ta iyán sì ti jẹ́ kí apá rẹ̀ le. Ìgbéraga tó fi ń rìn lọ sídìí igi yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n fi joyè ni.

Ìyà ni ọ̀rọ̀-ìṣe fi jẹ wá níbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ wa yóò kọ ọ́ kún pátákó, a ó sì máa pariwo tẹ̀lé e bí ayékòótọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Mísì wá.

Ìlú kan ní Àkókó ni Mísì ti wá. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ rẹ̀. Ta ló ń pe olùkọ́ lórúkọ nígbà náà? Obìnrin kúkúrú ni, ó léjí, aṣọ rẹ̀ sì máa ń rùn kàfúrà. Ó máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé a ń pe orúkọ ìlú wa bí ẹni tí omi há lọ́fun. Bọ́sẹ̀ á na ọrùn, á ní, “Ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni mí, Mísì!” Mísì á rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tó dé ló lọ tú inú sítọ́ọ̀ ilé-ìwé, ó sì rí ìlù báńdì àtijọ́ kan tí ojú kan rẹ̀ ti ya. Ó fi eérú fa ìlà mẹ́ta sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíláàsì wa. Ìlà àárín ni òní, ti ẹ̀yìn ni àná, ti iwájú ni ọ̀la. Bó bá ti lu ìlù náà, pá-pá, pàm, a ó dúró lórí òní, a ó ní, “I go.” Bó bá tún lù ú, a ó fà sẹ́yìn, “I went.” Ó tún di pá-pá, pàm, a ó fò síwájú, “I will go.” Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe dé orí “you”, dé orí “he” àti “she”, títí a ó fi kan “they”, gbogbo kíláàsì á máa lọ á máa bọ̀ bí omi inú garawa. Eruku á sọ.

Ohun kan tún wà. Mísì kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́ nínú. Bí o bá ní o ti gbálẹ̀, yóò wo ilẹ̀ náà. Bí o bá ní o ti pọnmi, yóò lọ ṣí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan a bẹ iṣu nínú kíláàsì, a sè é, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo pupa, a sì ń wí ohun tí a ń ṣe bí a ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè gba “ate” lẹ́nu mi. Èmi tí mò ń sá fún ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń jí ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n wí fún yín: bí Igogo bá wọlé, a kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Agogo nìkan ló ní ohùn títí ọdún yóò fi parí, ó sì máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mísì kò mọ̀. Igogo ti kọjá lọ́dún tó ṣáájú kí wọ́n tó gbé e wá, àwa ọmọdé kò sì rántí láti sọ, torí ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ta ni yóò máa wí i? Ó gbé ìlù kọ́ apá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀pà ní òdì kejì ọ̀nà sáré wọlé láìwé gèlè, ọwọ́ lórí.

“Ìlù kẹ̀? Nínú Igogo? Àlejò, ṣé o fẹ́ kó bá wa ni?”

Ọ̀gá ilé-ìwé bẹ màmá náà títí, ó gba ìlù, ó sì tì í mọ́ sítọ́ọ̀. Ọ̀gá yìí kan náà ló wá dúró níwájú wa lọ́jọ́ kejì, tó ní alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Mísì, ẹ ṣì wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Bí inú ẹni yìí kò bá dùn sí kíláàsì yín, wọn yóò gbé yín kúrò níbí.” Bọ́sẹ̀ fi orí lé tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

A gbìyànjú. Mísì pàtẹ́wọ́, ariwo ìsọdipúpọ̀ àwọn kíláàsì kejì sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, ilẹ̀ alámọ̀ náà kò dáhùn. Apá kan wa ń fò sí ọ̀la, apá kan ń fà sí àná, a ń forí gbá ara wa láàárín. Ẹnì kan ní “I goed.” Mísì jókòó sórí àga, ó ní, “Ṣé inú ìlù ni ẹ kó ọpọlọ yín sí ni?” Òtítọ́ ni, ibẹ̀ náà la kó o sí.

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ tí oòrùn mú, fìlà gogoro ló sì dé wọ ọgbà. Àlejò lòun náà. Ọ̀gá ilé-ìwé sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú orí ṣíṣí, ó ń fọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, Igogo là ń ṣe sà, fìlà yẹn sà.” Ọkùnrin náà ṣí fìlà, orí rẹ̀ sì pá, ó ń dán. Gbogbo ilé-ìwé rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́, torí pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi han ẹni tí ọmọdé ti fi orí rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà tí inú rẹ̀ yóò dùn sí.

Ó ti kù díẹ̀ kí a jáde kó tó kan kíláàsì wa. Ó jókòó, ó ní ká wí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a mọ̀. Mísì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀. A dúró bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ó tún pàtẹ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ wà nínú mi, tí mi ò rí ojú ọ̀nà tí n ó gbé e gbà jáde.

Nígbà náà ni Bọ́sẹ̀ dìde, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó jáde. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ọ láti ìdí igi máńgòrò: kọ́n-kọ́n, kọ̀n. Ìlù Mísì gan-an ni, lórí ríìmù ọkọ̀! Irin ni, kì í ṣe awọ, kò sì sí èèwọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ wa mọ̀ ọ́n kí etí wa tó mọ̀. “I go,” a fà sẹ́yìn, “I went,” a fò síwájú, “I will go.” A gba orí “you” kọjá, a gba orí “he” àti “she”, kò sí ẹni tó ṣìṣe. Alábẹ̀wò gbójú sókè. Mísì ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn. A dé orí “we”. “We go.” A fà sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni kíláàsì kìíní tú jáde. Ẹni tó ń retí àtilọ sílé kì í dúró gbọ́ bí agogo ṣe dún. Ó ti dún, ó parí. Wọ́n gbé síléètì, wọ́n ń hó, àwọn kíláàsì kejì tẹ̀ lé wọn, àwọn àgbà kíláàsì kẹfà sì ti dé ojú títì kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àga ń wó. Ewúrẹ́ ìyá ẹlẹ́pà gba àárín wa kọjá. Ọ̀gá ilé-ìwé ń sáré káàkiri, ó ń pariwo pé, “Ẹ padà! Ẹ padà!” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Alábẹ̀wò dìde. “Ilé-ìwé nìyí àbí ọjà? Ta ló lu agogo yẹn?”

Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Mísì kò jẹ́ kó la ẹnu. Ó ní, “Èmi ni mo rán an, sà.” Kò rán an, gbogbo wa ló mọ̀. Ọkùnrin náà bínú dé fìlà rẹ̀, ọ̀gá tún sáré tẹ̀ lé e, “Fìlà sà, ẹ jọ̀wọ́ sà,” títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.

Ìlù kò tíì jáde nínú sítọ́ọ̀ tí wọ́n fi gbé Mísì lọ sí ilé-ìwé kan lọ́nà Ìmẹ̀rí. Ọkùnrin kan ló rọ́pò rẹ̀, òun ní pàṣán, pátákó sì tún kún. Wọ́n gba irin agogo lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ ní kíláàsì. Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifọ̀n kó lọ kọ́ òwò. Mi ò rí i mọ́.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́, mo sì kọ́ ọmọ títí wọ́n fi fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Gbogbo alábẹ̀wò tó wọ kíláàsì mi ni mo máa ń wò bí ẹni tó jẹ mí ní ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé alábẹ̀wò ọjọ́ yẹn kò béèrè. A mọ̀ ọ́n! Ká ní ó ní ká jókòó, ká parí ohun tí a ń wí, ìbá gbọ́ ọ. Ariwo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ló gbọ́, ìyẹn ló sì fi ṣèdájọ́.

Ẹ̀kọ ti dì nínú ìkòkò. Mo pa sítóòfù, mo gba fóònù lọ́wọ́ Tèmídire, mo sì fà á jáde sí fàráńdà. Ó ń ráhùn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta sórí sìmẹ́ńtì, mo sọ èyí tó jẹ́ àná fún un, òní, àti ọ̀la. Àwọn alágogo ti dé iwájú ilé wa, àwọn ọkùnrin kò dé fìlà, ọlọ́kadà kan tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá náà ti ṣí tirẹ̀, ó fi há abíyá. Ìyẹn kò tíì yí padà. Kọ́n-kọ́n, kọ̀n. Mo fà sẹ́yìn, orúnkún mi dún. Ọmọ náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà sẹ́yìn pẹ̀lú mi.

A wí ti “I”, a wí ti “you”, a wí ti “he” àti “she”. Nígbà tí a dé orí “we”, mo bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tú jáde níbì kankan. “We went,” ni a wí. A fò síwájú. Ó kan “they”. “They go,” a fà sẹ́yìn, “they went.”

Tèmídire dúró lórí àná. “Màmá, àwọn wo ni?”

Mo ní, “Mísì ni, àti Bọ́sẹ̀.”

Àwọn alágogo ti ń yà síbi kọ́nà, ìró wọn ti ń jìnnà. Ọmọ náà da ẹsẹ̀ pọ̀, ó fò ré òní kọjá, ó balẹ̀ sórí ìlà iwájú, ó ní, “They will come.”

Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi máa ń tún ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe, mi ò tún un ṣe.