Ṣaworo Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi

Póùn kan ni abọ́ ata rodo nígbà tí owú sọ mí di olè lọ́jà Barking. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ni. Ẹni tó ra ata gbọ́, ẹni tó kàn béèrè iye ẹ̀ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí dókítà mi bá ráyè kúrò ní ọsibítù, Thames View ló ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá Íńdíà kan tó ti ń kọ́ ọ ní ijó ìlú wọn láti kékeré. Mo ń sọ kiri pé ijó á ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́. Irọ́ ni. Tó bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, ojú ẹ̀ á máa tàn. Tó bá dé ilé mi ní Valence, oorun ni. Mi ò lọ wo ijó kankan rí, mi ò sì fẹ́ mọ ojú olùkọ́ náà.

Ìgbà tó máa dá jó fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà fún un ní ṣaworo ẹsẹ̀ tí òun fúnra ẹ̀ fi jó nígbà ọ̀dọ́. Ọmọ mi gbé e sílé mi. Mo tì í sínú àpò iṣu.

“Mọ́mì, ẹ ò rí ṣaworo mi? Sọ́ńdè la máa jó o.”

“Lọ wò ó lọ́rùn aláìsàn tó o yẹ̀ wò kẹ́yìn.”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Mo lọ dín dòdò fún un, bíi pé dòdò ló sọnù.

Ní Sátidé, mo tẹ́ ṣaworo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Ìyá Íńdíà kan tó wọ kádígàn dé, ó gbé e, ó ń fi àtàǹpàkò ka agogo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe póùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó lè ná an sí mẹ́wàá. Kò ná an. Ó sanwó, ó ní, “Ẹ kú ọjà, mà.”

“Ta ló kọ́ yín ní Yorùbá?”

“Ọmọ mi,” ló fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí ọkàn ló gbé mi lọ wo ijó lọ́jọ́ kejì. Ọmọ mi jáde, ṣaworo ń dún lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kó tó jó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ olùkọ́ ẹ̀ bí àṣà wọn. Olùkọ́ náà yíjú sí mi. Kádígàn àná ló wọ̀.

“Àǹtí ló bá mi rí i, Mọ́mì,” lọmọ mi wí nígbà tó jó tán. “Wọn ò sọ ibi tó wà.”

Títí dòní, iwájú ni mo ń jókòó níbi ijó dókítà mi, tó bá sì ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, àyà mi á ta. Obìnrin náà ń ra ata lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti na owó ẹ̀ sí i títí, á ní, “Ẹ kú ọjà, mà,” á sì lọ. Ó ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, èrè owú mi: póùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.