Ìbọ̀sẹ̀ Wúlù Bàbá Yẹ̀kínnì

Fadilah, alágbàfọ̀ àdúgbò wa ní Mushin, kì í fi omi gbóná kan ìbọ̀sẹ̀ wúlù rárá. Láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ ẹ̀ ní kóun ràn án lọ́wọ́, ló bá da omi gbóná sí gbogbo ìfọ̀ náà. Ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Yẹ̀kínnì, oníbàárà ẹ̀, ti ń súnkì, ó ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ìyẹn nìkan ló lè wọ̀ sẹ́sẹ̀ tó ń dùn ún. Fadilah sáré wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ ara ẹ̀ ní tútù, kó lè nà. Ni Bàbá bá yọ.

"Ìbọ̀sẹ̀ mi lo wọ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Tí mo bá bọ́ ọ, ọmọ ìkókó ló máa wọ̀ ọ́."

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ta ló fẹ́ tú àṣírí ìyá ọkọ ẹ̀?

"Èmi ni," ìyá yẹn fúnra ẹ̀ dáhùn.

Bàbá fa bẹ́ńṣì, ó jókòó. "Fadilah, má bọ́ ọ. Máa rìn káàkiri títí á fi gbẹ."