Ojú Ìwé fún Èrò Ẹ̀yìn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Bàbá Ìwọ̀n jẹ́, ẹ kàn gbé ìgò omi kan lé e lọ́wọ́. Yóò gbé e sókè díẹ̀, yóò gbé e wálẹ̀, yóò ní, "Kílò kan, ó lé díẹ̀." Ẹ lọ gbé e sórí ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe bá a. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń tún ìwọ̀n ṣe: èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn, èyí tó wà nílé ìfìwéránṣẹ́, àti àwọn ńláńlá inú ilé ìkẹ́rùsí tí èèyàn mẹ́ta lè dúró lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fi wíwá irọ́ inú ìwọ̀n jẹun kò lè máa gbé irọ́ ti ara rẹ̀ káàkiri, nítorí náà olóòótọ́ ni, òótọ́ rẹ̀ sì máa ń sú èèyàn nígbà mìíràn.

Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kó tọ èèyàn lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó pé ọdún mọ́kànlá. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó sì máa ń pè é lọ́jọ́ Àìkú fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí Bàbá Ìwọ̀n máa rìn níhòòhò. Ibi iṣẹ́ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀. Wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, wọn a ní lọ́jọ́ tó bá kú, yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n wọn pósí òun wò bóyá káfíńtà kò ṣe màgòmágó. Á fajú ro bí ẹni tínú ń bí, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn.

Ìgbà tó yá ni wọ́n kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀yìn òkè, kìlómítà mọ́kànlá sí yàrá rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, wọ́n dá a dúró. Ó wá di pé kó wọ ọkọ̀ méjì, kó tún fi orúnkún tó ń dùn ún rin èyí tó kù. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i: láàárín oṣù kan, ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nígbà méje. Ọ̀gá pè é, ó fún un ní àga, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó o. Bó bá ti ń nira, ẹ kúkú lọ sinmi."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Nígbà tó dé inú Bàbá Ìwọ̀n, ó di odindi. Ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá yẹn láti àárọ̀ títí di alẹ́, òun àti rédíò, láti ọjọ́ Àìkú kan dé òmíràn. Ẹ̀rù bà á. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ikú kò dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbọ́ nípa ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ ta alùpùpù oníbátìrì, èyí tí kò wọ́n, tí kì í mu epo. Wọ́n ń wá ogún èèyàn tí yóò máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọn yóò sì máa kọ bó ṣe ń ṣe sínú ìwé kan. Ẹni tó bá kọ ìwé náà parí láìfi ojú ìwé kan sílẹ̀ yóò gba alùpùpù náà ní ìlàjì iye tí wọ́n ń tà á. Ó sáré lọ forúkọ sílẹ̀. Láìsí alùpùpù yìí, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí fún ilé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kẹta: "Bátìrì kún ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè, ó ku méjìlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ní orí òkè, ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta." Ọjọ́ kẹjọ: "Òjò rọ̀. Bíréèkì iwájú ń han, ṣùgbọ́n ó ń mú. Ìjókòó le." Ọjọ́ kejìlá: "Iná iwájú kò mọ́lẹ̀ tó. Kòtò ojú títì ló kọ́kọ́ rí mi kí n tó rí i." Alùpùpù náà kì í dún rárá. Ẹni tó ń lọ níwájú kò ní mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, àfi tó bá yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fò sókè. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀: "Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ nígbà tí mo bá dé." Mi ò rò pé alùpùpù nìkan ni gbólóhùn yẹn ń sọ nípa rẹ̀.

Lálẹ́, á yọ bátìrì náà, á gbé e wọ yàrá, á fi í síbi iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Iná pupa kékeré kan á máa tàn lára rẹ̀, tó bá kún, á di àwọ̀ ewé. Ó bá ara rẹ̀ níjọ́ kan tó ń sọ fún un pé, "O ti yó nìyẹn." Ó dákẹ́ kíá, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: kí ẹni tó ń gùn ún gbé èèyàn kan sẹ́yìn, kí wọ́n jọ gun òkè. Èrò ẹ̀yìn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè mélòó kan, yóò fi í sínú àpò lẹ́tà, yóò lẹ̀ ẹ́ pa. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tó gbé e, torí ẹbí a máa gbè sẹ́yìn ẹbí. Òfin tó kẹ́yìn yìí kò da Bàbá Ìwọ̀n láàmú. Ibo ló ti fẹ́ rí ẹbí ọ̀hún?

Ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹlẹ́rọ ìwọ̀n. Kí ni èrò ẹ̀yìn, bí kò bá ṣe ìwúwo? Ó di yanrìn sínú àpò, kílò ọgọ́ta géérégé, ó dè é mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó gun òkè, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ìwé náà lọ fún ọmọbìnrin akọ̀wé ilé iṣẹ́ alùpùpù náà. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

"Yanrìn kẹ̀, bàbá! Ṣé yanrìn lè kọ̀wé ni? Ṣé yanrìn á sọ fún wa bóyá ìdí ń dun òun?" Ó wá rí ojú rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà wá èèyàn kan. Ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé la máa gba ìwé."

Ẹnikẹ́ni! Bí ẹni pé wọ́n ń tà á ní ìsọ̀.

Ó bi obìnrin tó ń tọ́jú yàrá irinṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ìyẹn pàtẹ́wọ́: "Èmi? Kí n gun ohun tí ò lóhùn? Ẹni tó bá gbá wa, kò ní mọ̀ pé òun gbá nǹkan kan!" Ó bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí ikùn ara rẹ̀: "Bàbá, ẹ wo ikùn yìí dáadáa kẹ́ ẹ tún un bi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Wọn kò kàn mọ̀ pé nǹkan ńlá ni, òun náà kò sì sọ. Ó ń béèrè bí ẹni tó ń tọrọ ìṣáná.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ń nu alùpùpù náà ní àgbàlá ilé tó ń gbé, ni obìnrin tí yàrá wọn jọ pín ògiri bá jáde wá ká aṣọ rẹ̀ lórí okùn. Ó ju àádọ́rin ọdún lọ díẹ̀. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, Ìyá Olùkọ́ sì ni gbogbo ara ilé ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ wà níbẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà" àti "Ẹ káalẹ́ sà" nìkan ló wà láàárín wọn.

"Ṣé nǹkan yìí kì í dún ni?" Ìyá Olùkọ́ béèrè. "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá ń rìn jáde. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọpẹ́lọpẹ́ ikọ́ yín, mi ò bá ti ní kí wọ́n wá já ilẹ̀kùn."

Bàbá Ìwọ̀n dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí: "Ẹ ò ní í ju kílò méjìléláàádọ́ta lọ."

"Ẹ gbọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó wá ṣàlàyé, ó ń kólòlò, ó sọ gbogbo rẹ̀: òkè, orúnkún, ọ̀gá, àga tí ọ̀gá fún un, ojú ìwé tó kù. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun lè sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Olùkọ́ ká aṣọ tó kù, ó gbé e wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú bàtà tó ní okùn. "Ẹ fún mi ní akoto," ó wí.

Ó jókòó sẹ́yìn, ó di aṣọ Bàbá Ìwọ̀n mú ní ìbàdí. Wọ́n rọra jáde, wọ́n kọjá níwájú àwọn ilé ìtajà, wọ́n mú òkè pọ̀n. Alùpùpù náà ń mí gúlegúle, ṣùgbọ́n ó gùn ún. Lórí òkè, Ìyá Olùkọ́ ní kó dúró kí òun wo ìsàlẹ̀. Gbogbo òrùlé wà níbẹ̀, pupa àti eérú. "Ọmọ mi ń bọ̀ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ó wí. "Ó ní àgbàlagbà kì í dá gbé. Mo ní ṣé ó ti ń rí mi tí mò ń dá gbé ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, alùpùpù náà sáré díẹ̀, ni Ìyá Olùkọ́ bá gbá a léjìká. "Rọra, ìwọ ọkùnrin yìí! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ó gbọ́ ọ. Ìwọ. O. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀yin ni gbogbo ayé ń pè é: ọ̀gá ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, dókítà tó ń wo orúnkún rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kù láyé tó dàgbà jù ú tó sì sún mọ́ ọn tó láti pè é ní ìwọ. Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ló tó rántí pé òun ò wo iye tó kù nínú bátìrì rárá.

"Ó máa di pé ká tún un gùn o, mà," ó wí.

"Kí lò ń dúró dè?"

Wọ́n tún un gùn.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Olùkọ́ gba ojú ìwé náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìkọ̀wé olùkọ́, ó fi í sínú àpò lẹ́tà, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó wu Bàbá Ìwọ̀n kó béèrè orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní í bi àgbà léèrè orúkọ, àgàgà lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án? Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Olùkọ́ ti ṣí sílẹ̀, wọ́n ti gbá ilẹ̀ yàrá náà mọ́ tónítóní. Lálẹ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbọ́ bí ó ṣe ń dún lọ nínú yàrá òfìfo tó wà lódì kejì.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó ń ṣí i lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Ó ya àpò lẹ́tà náà, ó sì kà á sókè. Ó ka orúkọ kan, ibẹ̀ ni Bàbá Ìwọ̀n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ìyá Olùkọ́. "Ṣé ara rọ̀ yín lẹ́yìn ọkọ̀?" "Ó rọ̀ mí." "Ṣé ẹ̀rù bà yín?" "Ẹ̀ẹ̀kan péré, mo sì jágbe mọ́ ọn." "Kí ni ẹ kò fẹ́ràn?" "Ọ̀nà kúrú." Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka èyí tó kàn, ẹ̀rín náà sì kúrò.

"'Kí ni ẹni tó gbé yín jẹ́ sí yín?' Wọ́n kọ ọ́ pé, 'Àbúrò mi ni.'" Ó gbé ojú sókè. "Bàbá, ẹ mọ òfin. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ìyá yín ni, àbí ẹ̀gbọ́n àdúgbò?"

Bàbá Ìwọ̀n wojú ìta. Alùpùpù náà wà níta lójú fèrèsé.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n àdúgbò ni, kò sí wàhálà," akọ̀wé ní, ó sì ti ìwé pélébé kan síwájú rẹ̀. "Ẹ kàn fọwọ́ sí èyí."

Ó kà á. "Mo jẹ́rìí pé èmi àti ẹni tí mo gbé kò bá ara wa tan lọ́nàkọnà." Ó tún un kà.

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ ọ́?"

"Bó ṣe wà nìyẹn, bàbá."

Ó yẹ gbólóhùn náà wò bó ṣe ń yẹ ìwọ̀n wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé kí i kú oríire, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ní kó kí ìyá náà fún òun tó bá délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin yàrá irinṣẹ́ bá alùpùpù náà lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ó wọlé, ó ń pariwo. "Bàbá Ìwọ̀n! Ẹ rí i gbà! Ta ló wá gbà kí ẹ gbé òun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n ni? A ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí."

"Mo ní," Bàbá Ìwọ̀n wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ni." Ó fa ìwọ̀n ọmọ tuntun tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwòsàn mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí rẹ̀.