Ìbéèrè Tí Ìyá Wàsíù Ní Kí N Tẹ̀

Ọ̀sẹ̀ tí módẹ́mù dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Igbó-Elérin ni Ìyá Wàsíù wọlé wá bá mi pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa, iṣẹ́ àṣekágbá wọn ni mo sì máa ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí tí ẹ̀yìn á fi máa ro mí. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, ọmọ Èkìtì tó ti ń tún táípúráítà ṣe kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ló lọ ra módẹ́mù náà. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni. Òun ló ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, kí ímeèlì lè gbabẹ̀ rìn. Bó bá ti ń pe nọ́ńbà, á máa han bí ẹtù tí wọ́n ká mọ́ inú igbó. Ọ̀gá á wá na ìka sókè pé ká má fọhùn, àfi bíi pé ohùn wa lè já wáyà.

Ìyá Wàsíù ni onílé wa. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, kì í sì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Wàsíù, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó. Lọ́jọ́ náà, ẹnìkan ti Àpápá wá sọ fún un pé iná jó ọkọ̀ náà lójú agbami, àti pé àwọn kan kú. Àwọn ẹbí ti ń wọlé wá jókòó. Àwọn àgbà tilẹ̀ ti fẹnu kò pé tó bá di Jímọ̀ọ̀, kí wọ́n kírun òkú fún un, bí wọn ò tiẹ̀ rí òkú.

"Bùnmi," Ìyá pè mí, "wọ́n ní ẹ̀rọ yín ń gbé ọ̀rọ̀ dé ìlú òyìnbó. Bá mi bi wọ́n léèrè ọmọ mi."

Ó mú káàdì iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà, tí Wàsíù fi sílẹ̀ fún un, jáde. Àdírẹ́sì ímeèlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ni Ìyá bá dá mi dúró.

"Ṣé o ti kí wọn?"

"Màmá, àwọn òyìnbó kì í kíra wọn lọ títí nínú ímeèlì."

"Kí wọn. Ẹni tí mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní ṣàìkí i."

Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú ewu iná, mo kí aya àtọmọ wọn. A pe nọ́ńbà, kò wọlé. Bí a ṣe fẹ́ tún un pè, iná lọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ tan jẹnẹrétọ̀. A pè títí ariwo fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ sì lọ.

Ọ̀sán Alámìsì ni èsì dé. Iléeṣẹ́ náà ní lóòótọ́ ni iná jó ọkọ̀ àwọn, pé Wàsíù fara jóná lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó wà láàyè ní ilé ìwòsàn kan ní Sípéènì. Mo fò sókè. Ìyá ò mira.

"Ṣé Wàsíù ló kọ ọ́?"

"Rárá, Màmá. Iléeṣẹ́ ni. Wọ́n sì dárúkọ rẹ̀."

"Wàsíù mélòó ló wà láyé? Ẹni tó bá fẹ́ tu abiyamọ nínú lè purọ́. Tẹ èyí: kí wọ́n bi í, kí ló há a lọ́fun lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, kí ni mo sì ní kó ṣe?"

Ojú tì mí láti fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ńlá. Mo wo Ọ̀gá. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀, orí bẹ́ǹṣì wa ni Ìyá jókòó sí. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sí ojúde ilé rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wá pè é, Ìyá ní òun ń bọ̀, kò dìde. Mo ń pe nọ́ńbà, kò wọlé, mo tún ń pè. Nígbà tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan jábọ́ sójú kọ̀ǹpútà: *Maami eegu neja ni. E ni kin gbeo kele eba mi.*

Wàsíù ló sọ ọ́, òyìnbó ló tẹ̀ ẹ́, ó sì pín ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù ú. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Mo gbìyànjú, mo kà á síta: "Eegun ẹja ni. Ẹ ní kí n gbé òkèlè ẹ̀bà mi... Màmá, ó jọ pé ó ń béèrè ẹ̀bà rẹ̀."

Ìyá ti wà lórí ìdúró. "Ẹ̀bà rẹ̀ bíi ti báwo? Gbé e mì! Mo ní kó gbé òkèlè ẹ̀bà mì láìrún un, kí eegun náà lè bá a lọ. Ẹ̀yìn ilé la wà. Èmi àtòun nìkan ni!"

Ó fọwọ́ méjèèjì bojú. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ gbọ́, kó tó di ẹkún. Ọ̀gá mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú kọ̀ǹpútà tí kò ní eruku kankan. Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì kọrí sílé. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ ká ẹní yín! Ẹ lọ kírun Jímọ̀ọ̀ yín. Ọmọ mi ò kú!"

Mo pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo tẹ ìwé fún àwọn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, mo bá ọ̀pọ̀ èèyàn fi ímeèlì wá ọkọ, wá iṣẹ́, wá ẹbí. Mi ò lè rántí ìdajì wọn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà ni Wàsíù dé. Ó ń tiro díẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dì í lápá mú bíi pé ó tún fẹ́ sá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù wa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ pé kó dìde. Lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí títí dìgbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó le, ó sì wúwo. Mo dì í mú díẹ̀ sí i kí n tó fi í sílẹ̀.